Ọjọ́ Tí Tíṣà Pa Ìwé Ọmọ Mi Dé

Ọmọ mi obìnrin wà ní pírámárì kejì nígbà tí tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ayọ̀bọ̀ là ń gbé, aṣọ ni mò ń rán, ilé ìwé náà ò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó bá ẹnì kan jà ni.

Obìnrin Èkìtì kan tí kì í pariwo ni tíṣà náà. Ó ní kí n jókòó, ó ṣí ìwé kíkà síwájú ọmọ mi, ó ní kó kà á. Ọmọ kà á geere, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Inú mi dùn. Àfi bí tíṣà ṣe na ọwọ́ tó sì pa ìwé náà dé. Ọmọ mi ò dúró. Ó kọjú sí ògiri, ó ń kà á lọ títí ìtàn náà fi parí.

Tíṣà rọra sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ rí i àbí? Ó há a sórí ni. Tí mo bá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò mọ̀ ọ́n."

Ara mi bù máṣọ. Ohun tí èmi náà ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Mo máa ń ṣí ìwé orin bíi tàwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ orí mi ni gbogbo orin náà wà. Pírámárì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. Ọkọ mi pàápàá ò mọ bó ṣe rí gan-an.

N ò mọ ohun tó tì mí. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Èmi náà ò mọ̀wé kà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí a bá ti jáde, mo máa ń dúró díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ìwé ò tíì yé. Ẹ jẹ́ kó máa dúró, kí ẹ̀yin náà máa wá jókòó tì í."

"Èmi? Láàárín àwọn ọmọdé?"

"Ta ló máa mọ̀? Wọ́n á rò pé ẹ wá mú ọmọ yín ni jàre."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kékeré, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, mò ń pe b-a ba, b-e be pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún méje. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó kan Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi yára jù mí lọ. Tí mo bá fẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ pè, á fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lábẹ́ tábìlì.

Ìṣirò ló wá gbé mi níyì. Lọ́jọ́ kan, tíṣà ń kọ́ wọn ní ìdajì àti ìdá mẹ́rin, ó ya òbíríkítí sójú pátákó títí, kò yé wọn. Mo bọ́ tépù tí mo fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn, mo nà án.

"Ọgọ́ta íǹṣì rèé. Tí mo bá ká a sí méjì, ẹ wò ó, ibo ló dé?"

"Ọgbọ̀n!"

"Tí mo bá tún ká a ńkọ́?"

Ọmọ mi tẹjú mọ́ tépù náà. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti di mẹ́rin, Mọ́mì mi!"

Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́ pé kí n kọ ọ́ sójú pátákó fún wọn. Mo kọ ọ́. Lọ́jọ́ náà ni mo délé tí mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi. Ó ní, "O ò bá ti sọ fún mi."

Ọmọ mi ti wà ní pírámárì karùn-ún báyìí. Ìwé tó bá rí ló ń kà, títí kan èyí tí wọ́n fi wé àkàrà. Èmi náà ń kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n ti gbé tíṣà lọ sí ilé ìwé kan ní Ìpájà. Nígbà tí a lọ kí i, mo kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì rẹ̀.

Ó sáré gbé mi dìde. "Ẹ dìde ṣá, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí má rò pé mo fìyà jẹ yín!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.