Ibi Tí Mo Fi Han Màmá ní Jẹ́ríkò

Òórùn pọ́líìṣì ilẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé èmi àti Màmá nílé òyìnbó yẹn ní Jẹ́ríkò, èyí tí wọ́n ti sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n tọ́jú gbogbo nǹkan bó ṣe wà láyé àwọn òyìnbó: ife tíì, bẹ́ẹ̀dì, àní bàtà òjò. Ọkùnrin tó ń mú àlejò káàkiri wọ aṣọ funfun kúùkù. Irú aṣọ tí bàbá mi ń wọ̀ nìyẹn, torí òun ni kúùkù ilé náà nígbà kan, bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé lòun àti màmá mi sì ń gbé.

Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ife tíì la bá wá. Ibẹ̀ ni àkọ́bí wọn kú sí, kò tíì pé ọdún kan. O kúkú mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí abiyamọ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Bàbá mi ló sin ín, ìgbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ ni wọ́n tó sọ fún mi: ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí kànga, lápá ọ̀tún. Màmá, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wá ní èèwọ̀ kan ò lè mú òun mọ́, òun fẹ́ dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó kú.

Nínú ọgbà òdòdó, ọkùnrin náà fi òkúta kan hàn wá. Wọ́n kọ orúkọ sí i, wọ́n fi irin yí i ká.

"Ta ló wà níbẹ̀?" Màmá bi í.

"Ajá ọ̀gá ni, Mà. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

Màmá kàn ń wo irin náà. Inú bí mi, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹni ẹlẹ́ni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀?

Lẹ́yìn ilé, wọ́n ti wó bọ́ìsì kọ́tà. Kànga ṣì wà, wọ́n ti fi kọnkéré bo ojú rẹ̀. Mo fojú wọn ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ó já sórí íńtálọ́ọ̀kì tí àwọn àlejò ń páàkì ọkọ̀ sí.

"Ibo ni?" Màmá bi mí.

Mo nawọ́ sí abẹ́ igi ìbẹ́pẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n pe orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n wá kọjú sí mi.

"Kí ẹ̀gbọ́n ẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi." Ilẹ̀ lásán ni mo ń kí.

Màmá ti lọ báyìí, wọ́n sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àwọn rí ọmọ àwọn. Àwọn kan á ní irọ́ àánú ò lẹ́ṣẹ̀. Èmi ò mọ̀. Ohun tó yé mi ni pé èmi nìkan ló kù láyé tó mọ ibi tí ọmọ náà wà lóòótọ́, ẹnì kan ò sì ní kọ orúkọ síbẹ̀ láé. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tèmi gan-an ló wà lórí rẹ̀. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì fi ríbáàsì gun orí ọmọ wọn kọjá.