Ìdò Etí Odò

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo dẹ́nu iṣẹ́ ni Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé abọ́ fùfú kan wọ ọgbà ẹja wa l'Áyétòrò. Ìsàlẹ̀ odò tó ń gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá ni obìnrin náà ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ó gbé abọ́ náà síwájú Alhaja, ọ̀gá wa. Kò pariwo.

"Alhaja, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?"

Omi ọgbà wa ló fà á. Gbogbo ìgbà tí a bá tú omi adágún ẹja sódò, ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù ló ń bá a lọ. Ajílẹ̀ ni wọ́n. Omi tó bá jẹ ajílẹ̀ jù á hu èéhọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti ewé, á sì máa rùn.

Alhaja ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Làmídì, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ gíga kan n'Ílaròó. Ó ní ká gbin ìdò, olódòdó pupa yẹn, sójú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, kí omi máa gba àárín gbòǹgbò rẹ̀ kọjá kó tó dódò.

"Ohun tó ń ba omi jẹ́ ni ìdò fi ń ṣe oúnjẹ," ló wí. "Bó bá ti ga, ẹ máa gé e."

Èmi tí wọ́n gbà láti máa ro koríko ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́.

Ìdò náà hù, ó ga jù mí lọ. Mo ń gé e, mo ń kó o jọ sétí omi, mo rò pé iṣẹ́ parí. Òjò kan ṣoṣo ló gbá gbogbo rẹ̀ sódò, omi náà sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Làmídì dé, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìyá Ṣadé, bí ewé bá jẹrà sómi, ṣe ló máa bi ohun tó jẹ padà. Ẹ kó o jìnnà."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ru ewé tútù gun òkè lọ sóko àgbàdo nìyẹn, ọdún dé, ọdún lọ. Ewé ìdò tó mumi wúwo bí ẹrù igi. Iṣẹ́ náà sì dà bí irun orí: èèyàn fá a lónìí, ó tún hù. Kò sẹ́ni tó ń kíni kú iṣẹ́ nítorí omi tó mọ́.

Nígbà tí ìbàdí mi kọ̀, mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Alhaja kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò mi. Ó ní omi ti mọ́, kí la tún ń gé? Òjò ọdún kejì ni ìdò gbó, ó wó, ó jẹrà síbẹ̀, omi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Wọ́n wá pè mí nílé.

Ó rẹ̀ mí kí n tó débẹ̀. Mo bá Ìyá Bọ́sẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì nínú ẹrẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àdá. Mo fẹ́ ká ìró mi sókè.

"Ẹ jókòó," Ìyá Bọ́sẹ̀ wí. "Ẹ kàn máa sọ ibi tí a ó gé."

Mo jókòó. Mo ní kí wọ́n má fà á tu, kí wọ́n fi gbòǹgbò sílẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n dì í, wọ́n gbé e rù, wọ́n ń gun òkè lọ. Mo ti ẹsẹ̀ bọ omi, mo ń wo ẹ̀yìn wọn. Mi ò dìde.