Behemoti àti Orí Olùkọ́ Wa

Ẹ gbà mí o, ojú ṣì ń tì mí.

Olùkọ́ tuntun tí lọ́rì onípákó gbé dé ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Kumasi, ní Gánà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ wa ní Bíbélì lónìí. Orí rẹ̀ tóbi bí ìkòkò àgbo.

Ó ní, "Behemoti ni ẹranko abàmì tí a kà yẹn ń jẹ́. Àwọn kan ní erinmi lásán làwọn Hébérù rí lódò Íjíbítì, tí wọ́n ń fẹnu sọ títí tó fi di òkè."

Ta ló ń gbọ́ ti erinmi? Létí àwa tí wọ́n bí sí Kumasi, Behemoti dún bíi "bɛhwɛ mo ti," èdè Twi tí wọ́n ń sọ níbí, tó túmọ̀ sí "wá wo orí yín."

Mo yọ́ nàka sí orí olùkọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Ẹranko náà ló tóbi jù, sà."

Ó pa Bíbélì dé, ó tẹjú mọ́ mi.

"Tafo, ní Kumasi níbí, ni ìyá mi bí mi sí."

Ó wá fi Twi tó dán mọ́rán sọ pé, "Mahwɛ mo ti. Hwee nni mu."

Òun ti wo orí wa. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ọkọ mi tó jókòó tì mí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi dá a: nínú àwa mẹ́ta, ta ló burú jù?