Etí Ìyá Tíṣà

Ìlà kejì orin la wà tí ẹ̀rín fi bú jáde láàárín ìjọ. Kì í ṣe ẹ̀rín ọmọdé. Ẹ̀rín àgbà ni, èyí tí wọ́n ti fi ìborùn dí lẹ́nu títí, tó wá gba imú jáde. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo dúró síwájú nínú ẹgbẹ́ akọrin, aṣọ funfun mi ṣì ní òórùn èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ìyá mi fi lọ̀ ọ́ láàárọ̀. Kí n tó gbójú sókè ni mo ti mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá bàbá mi ni.

Bàbá mi ló ń tẹ dùùrù. Ẹ̀yìn ló kọ sí ìjọ, ṣùgbọ́n mo rí ọrùn rẹ̀ tó le. Kò dúró. Ó ń fẹsẹ̀ tẹ dùùrù náà lọ, dùùrù ń mí hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí arúgbó tó ń gun òkè, a sì kọ orin náà parí bí ẹni tó ń sá fún òjò.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orin yìí sílẹ̀ de ìkórè. Tíṣà ni bàbá mi ní Èrúwà, òmìnira kò tí ì pé ọdún márùn-ún nígbà náà. Ó mú ohùn orin òyìnbó kan tó kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ sí i. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ìjọ Igbó-Ọrà, ó sì ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé wọn yóò gbọ́ orin tí wọn kò gbọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi orin náà dánra wò níwájú ìjọ sì nìyẹn.

Nígbà tí a délé, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dójú tì mí lójú gbogbo ìjọ."

"Má bínú, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí. "Mo ṣe bí lọ́rì lẹ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni."

"Lọ́rì wo?"

"Ẹ ní kó bù kún ọkọ̀ wa. Mo wo gbogbo àgbẹ̀ tó jókòó síbẹ̀, mo ní, ta ló ní ọkọ̀ nínú wọn?"

"Ọkọ́ la wí, Ìyá. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko."

"Ọkọ́ lẹ kọ sínú ìwé. Ọkọ̀ lẹ fi kọrin. Òjò tí ẹ tún tọrọ, ojo ló dà lẹ́nu yín. Ṣé àwọn ojo tó wà nílùú yìí kò tíì tó ni?"

Ìyá mi yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

"Orin yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí orin wa bá ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kúkú jókòó sílé lọ́jọ́ ìkórè."

Ìyá àgbà tú ìborùn rẹ̀, ó ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Mo gbọ́," ló wí, ó wọ yàrá lọ.

Ọdún tó ṣáájú ló dé ọ̀dọ̀ wa láti abúlé kan lẹ́bàá Tápà, lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ga, ó tínrín, òrí tó fi ń pa ara kì í kúrò lára rẹ̀. Kò mọ̀wé. Kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, ṣùgbọ́n kì í bá wa kọrin. Á kàn jókòó, á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ tó gbọ́ ìró àṣá. Èmi ṣe bí kò mọ orin ni.

Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo wà nínú ìjà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kí ìyá àgbà láìwò ó lójú. Ṣùgbọ́n àsìkò ẹ̀gúsí ni, kò sì sí ọmọ tó lè sá fún ẹ̀gúsí nílé wa. Ìyá mi gbé igbá kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ bá ìyá àgbà bó tirẹ̀ lábẹ́ igi òdàn tó wà lẹ́yìnkùlé.

A jókòó. Ẹ̀gúsí ń ró pá, pá, lábẹ́ èékánná rẹ̀. Tèmi ń fọ́ sí méjì. Kò mẹ́nu kan ìjà. Nígbà tó yá, ó pa ẹnu dé, ó fi imú kùn lẹ́ẹ̀mejì, èkejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ò wí nǹkan kan, mà."

"Mo wí. Gbọ́ ọ dáadáa." Ó tún kùn ún. Ó wá fi èékánná kan ohun tó wà níwájú mi, kó, kó.

"Igbá?"

"Igbá. Èyí ńkọ́?" Ó kùn lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì dọ́gba.

Mo ronú títí. "Igba?"

"Igba. Igba rẹ̀ ni wàá bó kí o tó dìde níbẹ̀." A jọ rẹ́rìn-ín, ìbínú mi sì parí síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ tí mo bá dé láti iléèwé. Obìnrin kan máa ń kiri kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, àfi ohùn. Ìyá àgbà bi mí pé kí ló ń tà. Mo ní ẹ̀kọ ni. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀? N kò lè sọ bí mo ṣe mọ̀.

"Orin ti wà nínú ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi kọrin," ló wí. "Bàbá rẹ kò dúró gbọ́ ti inú rẹ̀ kó tó gbé òmíràn lé e lórí."

Òun náà ní orin tirẹ̀, orin tí wọ́n fi ń fọ́ bàrà lóko, kí wọ́n tó kó o jọ kó rà, kí wọ́n tó fọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló máa ń kọ ọ́. Ó máa ń bèèrè pé, "Ẹni tó gbin bàrà dà o?" Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa bó ẹ̀gúsí, mẹ́ta, mẹ́rin, kó tó tún bèèrè. Mo rò pé ó ti gbàgbé ìyókù ni. Lọ́jọ́ kan mo bi í léèrè.

"N ò gbàgbé. Èyí tó kàn ni, 'Ó ń bọ̀ lọ́nà.' Ègbè nìyẹn."

Nígbà tó tún kọ ọ́, mo gbè é pẹ̀lú ohùn akọrin mi tó dùn: "Ó ń bọ̀ lọ́nà!"

Ó di ọwọ́ mi mú. Kò bínú. "Má gbè é. Bàbá rẹ àgbà ló máa ń gbè é. Láti ebè tirẹ̀ ni, kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Mo fi àyè náà sílẹ̀. Ó tún bèèrè ẹni tó gbin bàrà, ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́, ọwọ́ wa ń ṣiṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohun tó wà nínú orin níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti la ẹnu. Ojú mi kún fún omi, n kò sì mọ ohun tí mo ń sunkún sí, nítorí n kò mọ bàbá àgbà dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, orin ìkórè kò ṣeé kọ fún mi mọ́. Nígbà ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, a dé ibi ọkọ́, ẹnu mi kọ̀. Bàbá mi dá dùùrù dúró.

"Kí ló dé?"

"Bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ibẹ̀ ni orin ti ń sọ̀ kalẹ̀."

Àwọn akọrin wò mí. Mo rò pé yóò nà mí. Ó wo ìwé rẹ̀, ó wí i lẹ́nu lásán, "ọkọ́ wa, ọkọ́ wa," ó sì fi ìka kan tẹ ohùn orin náà. Ó tún un tẹ̀. Ó pa ìdérí dùùrù dé, ó ní ká máa lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jáde wá sábẹ́ igi òdàn pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, ó jókòó lórí àpótí kékeré tí orókún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe máa ń wí i?"

Ìyá àgbà wí i. Kò kọ ọ́ lórin, ó kàn wí i bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lóko. Bàbá mi ń kọ do, re, mi sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Wọ́n jiyàn. Ibì kan wà tí bàbá mi kò gbà, ó ní ohùn òyìnbó ibẹ̀ dùn ju kí òun fi í sílẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ní kó máa gbé e lọ, ṣebí òun ló lorin.

Nígbà tó parí, ó pa ìwé dé. "Ìyá, ẹ ó bá wa lọ sí ìkórè."

"O ní kí n jókòó sílé."

Bàbá mi dìde lórí àpótí. Òun tí kì í jẹ́ kí eruku kan sòkòtò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èèpo ẹ̀gúsí. Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. "Dìde, bàbá mi. Dìde. Mo ń bọ̀."

Lọ́jọ́ ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì ń ta sánsán iṣu tuntun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. A kọ ẹsẹ kìíní. Nígbà tí a dé ẹsẹ kejì, ohùn ńlá kan dìde lẹ́yìn pátápátá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ máa ń jókòó sí, àwọn tí kì í la ẹnu sí orin inú ìwé wa. Wọ́n ń tọrọ ìbùkún fún ọkọ́ wọn, ohun tí wọ́n sì ń wí yé wọn. Bàbá mi ń tẹ dùùrù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà kò kọrin. Ó dijú, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí a ń lọ sílé, bàbá mi bi í pé báwo ló ṣe rí.

"Ó kù díẹ̀," ló wí.

Mo ti dàgbà, mo ti di nọ́ọ̀sì nígbà tí ìyá àgbà kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan nílé ìwòsàn, obìnrin Fúlàní kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń kọrin sí ọrùn ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kó dákẹ́, ariwo rẹ̀ pọ̀. Èmi náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dúró, mo fetí sí i, mo sì gbọ́ pé kì í ṣe ọmọ náà ló ń rẹ̀ lẹ́kún. Ara tirẹ̀ ló ń fi orin náà dì mú kó má baà fọ́. Mo gbé àwo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo jókòó tì í. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó fi orí lé èjìká mi, bí ẹni pé a ti ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀.