Ọjọ́ Tí Manong Casiano Gún Ìbẹ́pẹ Lábẹ́rẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Manong Casiano Dumlao, kó sọ fún un pé ó sùn. Manong kì í sùn. Ó kàn máa ń di ojú kó lè gbọ́ràn dáadáa ni. Bó ṣe gbọ́ ìwàásù ogójì ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì Pahoa nìyẹn, bó sì ṣe gbọ́ ìgbéyàwó Lorna ọmọ rẹ̀ náà nìyẹn, títí ìyàwó fi rìn wọlé fúnra rẹ̀ láìsí bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ilocos ní ilẹ̀ Philippines ni, níbi tí wọ́n ti ń pe àgbà ọkùnrin ní Manong, tí wọ́n ń pe àgbà obìnrin ní Manang. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Hawáì láti wá gé ìrèké. Nígbà tí ìrèké sú u, ó kọjú sí ìbẹ́pẹ ní Puna, lórí àpáta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sílẹ̀. Irin ni wọ́n fi ń lu ihò sára òkúta níbẹ̀ kí wọ́n tó gbin nǹkan. Manong máa ń ní ìbẹ́pẹ òun dùn torí pé ìyà ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyàwó rẹ̀, Manang Leoncia, á ní ìyà kan náà ló tọ́ òun, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ pé òun dùn.

Àfi bí àrùn òrùka ṣe dé. Àwọn kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ló ń gbé e ká láti oko dé oko. Ewé á pọ́n, igi á rù, òrùka wínníwínní á yọ lára èso, kò sì sí oògùn. Oko tẹ̀ lé oko, wọ́n ń gé e lulẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1998, ohun tó ṣẹ́ kù fún Manong kò ju ọgọ́rin ọmọ ìbẹ́pẹ tó wà nínú agolo lẹ́yìn ilé.

Manang Leoncia bá lọ ra àpótí aṣọ aláwọ̀ búlúù kan, èyí tó ní táyà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bí ọgọ́rin yìí bá kú, ọ̀dọ̀ Lorna ni àwọn ń lọ ní Las Vegas, kí àwọn lọ máa gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin bí èèyàn gidi. Manong ti lọ síbẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá ilẹ̀ tí yóò tọwọ́ bọ̀, kò rí. Nígbà tó yá, ó rọra ri kóró ìbẹ́pẹ sínú ìkòkò òdòdó kan nísàlẹ̀ ilé, ó ń bomi rin ín láràárọ̀, kó tó mọ̀ pé rọ́bà ni òdòdó náà, rọ́bà sì ni iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà sunkún, mi ò purọ́ mọ́ ọn.

Lóṣù karùn-ún, ìròyìn kàn pé ìbẹ́pẹ tuntun tí àrùn òrùka kò lè mú ti jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kóró rẹ̀, kó wá sí gbọ̀ngàn, kó wo sinimá, kó fọwọ́ síwèé, wọn á fún un. Manong lọ pẹ̀lú kumpare rẹ̀, Eustaquio Ragasa, ẹni tó ṣe bàbá ìsàmì fún Lorna. Ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó. Iná kú, sinimá bẹ̀rẹ̀, Manong sì di ojú kó lè gbọ́ dáadáa.

Obìnrin tó ń ṣàlàyé, Arábìnrin Matsuura, fara balẹ̀ sọ ọ́. Ó ní wọ́n mú bíńtín lára àrùn náà, wọ́n fi í sínú àbùdá ìbẹ́pẹ láti inú kóró, tó fi jẹ́ pé bí igi náà bá ti ń hù ló ti mọ ojú ọ̀tá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà fi wé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí nìkan ló bá etí Manong ní ṣíṣí. Ó dìde, ó dé fìlà, ó ń lọ.

Eustaquio sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Kumpare, o ò gba kóró ni?"

"Kóró kí ni? Mo ti gbọ́ àṣírí wọn. Abẹ́rẹ́ lásán ni. Ṣé Leoncia ò ní abẹ́rẹ́ ni?"

Nílé ọmọ Ilocos, nǹkan pàtàkì kì í ṣẹlẹ̀ sọ́mọ kí bàbá ìsàmì má sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sunday, Manong ránṣẹ́ pe Eustaquio, Manang Leoncia sì se pancit, oúnjẹ àsè ilẹ̀ wọn. Manong já ewé ìbẹ́pẹ tó ń kú lọ lẹ́bàá títì, torí inú àrùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ àjẹsára, ó gún un nínú odó aáyù, ó po omi mọ́ ọn. Ó tún lọ yanrìn òkè ayọnáyèéfín kúnná, ó fi ń ra ewé àwọn ọmọ náà kí oògùn lè ráyè wọlé, lẹ́yìn náà ló wá ń fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún wọn. Eustaquio ń gbé agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lára, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sunkún. Inú rẹ̀ ń sọ fún un pé ohun tí obìnrin ọjọ́sí wí kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ pancit onípancit, ẹnu tó sì jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ewé pọ́n. Manong ní ara tó ń gba abẹ́rẹ́ ló ń gbóná. Ẹ̀rù wá bà á, ó tún pe Eustaquio. Nílé wọn, ọmọ tí àìsàn bá ń yọ lẹ́nu, orúkọ ni wọ́n ń yí padà fún un, kí àìsàn lè wá a títí kó má rí i. Wọ́n bá sọ gbogbo ọgọ́rin ní Tomas. Ó jọ pé àìsàn náà mọ Tomas dáadáa. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ọgọ́rin ti ya òkùnrùn, ẹyọ kan ò yẹ̀. Manang Leoncia kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣí àpótí búlúù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ká aṣọ sínú rẹ̀.

Eustaquio ló lọ pe Arábìnrin Matsuura. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó yẹ agolo wò kan tẹ̀ lé èkejì, ó ní òun ò rí irú kòkòrò tó ṣiṣẹ́ létòlétò báyìí rí. Manong bá jẹ́wọ́. Arábìnrin Matsuura gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe, ó wá agolo kan jókòó lé.

"Manong, ẹ má bínú. Bí àwa náà ṣe ń kó àrùn yìí ran ìbẹ́pẹ gan-an nìyẹn, tá a bá fẹ́ dán an wò. Yanrìn náà ńkọ́? A ń lò ó. Ṣùgbọ́n tiwa kì í mú gbogbo ẹ̀ báyìí."

"O ò gbọ́?" ni Manong wí fún ìyàwó rẹ̀, orí rẹ̀ sì wú díẹ̀. "Tiwọn kì í mú tó tèmi."

Obìnrin náà wá ṣàlàyé fún un pé irú àjẹsára yìí, inú kóró ni igi ti ń gbà á. Èyí tó bá ti hù tán, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ní ìpàdé mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Thursday.

Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ iwájú ni wọ́n jókòó. Manang Leoncia mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ yẹn dání. Bí Manong bá ti di ojú, á fi gún un nítan. Abẹ́rẹ́ tó ṣiṣẹ́ jù ní Puna lọ́dún yẹn nìyẹn. Manong gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó fọwọ́ síwèé, ó gba kóró. Ọgọ́rin agolo tún kún.

Nígbà tí wọ́n ga tó àtẹ́lẹwọ́, Manang Leoncia dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Lorna, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ò ní kú, kí n tó tú ẹrù mi?"

Manong wọlé lọ gbé odó aáyù. Eustaquio kọ̀, kò wá; ó ní òkú ọmọ ìsàmì ọgọ́rin ti tó ẹnì kan. Manang Leoncia ló gbé agolo. Manong gún, ó lọ̀, ó ra, ó fi gbogbo agbára ogbó rẹ̀ kó àrùn ran àwọn ọmọ tó fẹ́ràn jù láyé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ewé tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. Ó dun Manong pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ti bàjẹ́, ó tún fi yanrìn ra wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ń dàgbà sí i ni.

"Ọwọ́ yín ti rọ, Bàbá Lorna," ni Manang Leoncia wí.

"Ó rọ," ni Manong dáhùn, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun, ó rọ."

Manang Leoncia wọlé, ó da gbogbo aṣọ inú àpótí sórí ibùsùn, ó wọ́ àpótí náà wá sẹ́yìn ilé. Ó to agolo mẹ́wàá sínú rẹ̀, ó ń fà á lọ sóko. Kí wọ́n tó dé ihò kẹta, òkúta ti jẹ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Ó wò ó títí, ó ní àpótí tí kò lẹ́sẹ̀ ò lè dé Las Vegas, ó sì ní kí ọkọ òun lọ gbé agolo tó kù wá.