Ẹni Tí Ìyá Ìlọràá Ń Wò

Wọn ò tíì kírun àsùbáà tán ní mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ìbàdàn nígbà tí mo gbé àwòrán kan, tí mo fi ògbólógbòó ìró ìyàwó mi wé, bọ́ sójú títì. Ìlọràá ni mò ń lọ. Ìrìn àjò náà kò tó wákàtí méjì, àmọ́ mo ń lọ bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Tíṣà ni mí, mo sì máa ń ya àwòrán. Lọ́dún tó kọjá, táyà mọ́tò tí mo wọ̀ bẹ́ ní Ìlọràá. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo gbé bébà lé orúnkún, mo sì ń ya ìyá àgbà kan tó jókòó nínú ilé rẹ̀, lójú fèrèsé, ní òdì kejì títì. Ó ju wákàtí kan lọ tí mo fi ń wò ó. N kò kí i. Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀dà kùn ún, mo sọ ọ́ ní “Ìrètí”. Níbi ìpàtẹ àwòrán, ńṣe làwọn èèyàn ń rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ tó rìnrìn àjò ló ń retí. Obìnrin kan tiẹ̀ sunkún níwájú rẹ̀. Orí mi wú. Ẹ má tan ara yín, tiyín náà ìbá wú.

Àfi ìgbà tí ọkùnrin kan tó máa ń ti Ìlọràá wá síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn dúró níbẹ̀, tó pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rèé! Opó ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ta ló ní kí ẹ ya wọ́n?”

Mùsùlùmí ni ìyá náà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó wọn fi ń jókòó sínú ilé, kí ojú àjèjì má baà máa tó o. Èmi sì ti gbé e han gbogbo Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó tún pàtẹ rẹ̀. Mo ṣèlérí fún ọkùnrin náà pé n ó lọ bi ìyá, pé bí ìyá bá ní rárá, n ó yọ ọ́ kúrò, bẹ́ẹ̀ òun ni iṣẹ́ mi tó dára jù lọ.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni owó mọ́tò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní Ọ̀jọ́ọ̀. Dẹ́rẹ́bà ń wo ẹrù tó wà lórí itan mi.

“Ọ̀gá, kí lẹ gbé dání?”

“Àwòrán obìnrin kan ní Ìlọràá.”

“Ìyàwó yín?”

“Rárá o.”

“Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ya òun?”

Mo gbé ẹrù náà dúró dáadáa lórí itan. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá Mọ́níyà.

Ní Fìdítì, mo ra ọsàn tó kún ike ńlá kan ní ẹgbẹ̀rún náírà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìdajì rẹ̀ ni wọn ó kó fún ọ, wọn ó sì tún kanra mọ́ ọ. Ẹni tó tà á fún mi fi mẹ́ta ṣe ènì. Lẹ́yìn Akínmọ̀ọ́rìn, ọ̀kadà tó di ẹ̀gẹ́ gègèrè ló gba iwájú wa, a sì ń wọ́ tẹ̀ lé e nínú kòtò.

Bí mo ṣe dé ilé náà ní Ìlọràá, kí Ìyá Mọ́rúfù, ìyá inú àwòrán náà, tó bi mí pé ta ni mí, ó ti gbé ẹ̀kọ tútù àti àkàrà síwájú mi. Ní àdúgbò tèmi, ẹnu géètì ni wọn ó ti bi àlejò tán. Mo gbé ọsàn náà fún un. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo sì tú ìró kúrò lára àwòrán.

Ó wò ó títí. Mo ń retí èébú.

“Wọ́n ní kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Wọ́n ní ọkọ yín lẹ̀ ń retí, Màmá.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ọkọ mi tí a ti sin! Ìwọ ni mò ń wò o.”

“Èmi, Màmá?”

“Àwọn kan ti wá kùn àmì pupa sára ilé wa. Wọ́n ní àwọn máa wó o láti mú títì fẹ̀ sí i. Mo wá rí ọkùnrin tó gbé bébà lé orúnkún, tó ń wo ilé mi, tó ń kọ nǹkan. Mo ní wọ́n ti dé nìyẹn. Mo wà nínú opó, n ò lè jáde wá bi ọ́. Ibi tí n ó kó ẹrù mi sí ni mò ń rò.”

Ojú tì mí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ìrètí, ẹ̀rù ni, èmi ni mo sì dẹ́rù bà á. Àmì pupa náà ṣì wà lára ògiri. Mo rí i lọ́jọ́ náà, mo fò ó nítorí pé ó ba àwọ̀ ògiri jẹ́.

“Ẹ dárí jì mí, Màmá. N ó yọ ọ́ kúrò.”

“N ò ní kí o yọ ọ́. Wọ́n kúkú ti rí mi.” Ó na ìka sí àwòrán náà. “Àmọ́ àmì pupa dà? Ẹni tí mò ń wò ńkọ́? Fi wọ́n síbẹ̀, kí ẹni tó bá ń wò mí lè mọ ohun tí èmi náà ń wò.”

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó mú mẹ́rin nínú ọsàn náà padà fún mi pé kí n mú un fún àwọn ọmọ.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. N kò bọ́ bàtà kí n tó gbé ọ̀dà. Mo kùn àmì pupa sára ògiri. Nísàlẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, mo ya ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa, bébà lórí orúnkún rẹ̀. Wọ́n ní ìrìn àjò a máa lani lójú. Èyí kọ́ mi pé kí n máa kí èèyàn kí n tó máa wò ó.

Ìyàwó mi wá gba ìró rẹ̀. Ó dúró níwájú àwòrán náà, ó wo Ìyá Mọ́rúfù, ó wo ọkùnrin náà, ó sì fajú ro.

“Ta nìyí? Kí ló ń wá nílé onílé?”

“Èmi ni,” mo dá a lóhùn.