Ìkòkò Tí Mo Dé Fún Ọjọ́ Mẹ́jọ

Ọdún tí katapílà kọ́kọ́ dé Òkòkòmáíkò, tí wọ́n ń wó igi àgbọn lulẹ̀ kí títì lè kọjá, ọdún yẹn ni mo pe ọ̀rẹ́ mi lólè. Ó ti pẹ́ o. Ṣùgbọ́n lánàá, Dámi, ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ṣí ike ńlá tó gbé sẹ́yìn ilé wa ní Ìbà, òórùn ojú oró àti omi tó ti dúró pẹ́ sì kọlù mí nímú. Ẹja wẹ́wẹ́ ló ń sìn síbẹ̀, tó fi ń bọ́ ẹja ńlá kan tó wà nínú àpótí dígí ní pálọ̀, nítorí ìyẹn kì í jẹ ohun tó bá ti kú. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn dá sí i, torí mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀.

Kúùkù ni bàbá mi, nílé ọ̀gá ológun ojú omi kan ní Navy Town. Ọ̀gá yìí ní irú ẹja bẹ́ẹ̀, ó gùn tó apá mi, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu àpò, a sì máa dúró sójú kan bí àgbàlagbà tí inú ń bí. Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ bá ọkọ̀ lọ sójú òkun fún oṣù mẹ́ta, ó kó garawa ẹja wẹ́wẹ́ kan fún bàbá mi. Ó ní akọ ni kí wọ́n máa fún ẹja ńlá jẹ, kí wọ́n sin abo kó máa bímọ. Wọn ò gbọdọ̀ fún un ní ẹja tí wọ́n bá mú nínú kànáàlì, kó má bàa kó àrùn. Bí òun bá dé tí òun ò bá ẹja òun láàyè, kí wọ́n yáa di ẹrù wọn.

"Iṣẹ́ mi ló wà nínú garawa yìí o," ni bàbá mi wí nígbà tí wọ́n délé. Wọ́n gbé e fún mi, nítorí pé n kì í kánjú.

Mo da àwọn abo sínú ìkòkò amọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò; bàbá mi ń mú àwọn akọ lọ fún ẹja ńlá. Sìdí, ọ̀rẹ́ mi tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja létí omi Ọ̀jọ́, ló ń bá mi bu tanwíjí inú agbada omi òjò wá fún wọn. Ẹyin là ń retí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ la bá, wẹ́wẹ́, olójú dúdú, tí wọ́n ń sá káàkiri. Sìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá ọlọ́mọ mà ni wọ́n," ló wí.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá ọlọ́mọ kò ju ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi: wọ́n fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò yọ wọ́n lẹ́nu títí di ọjọ́ ìkómọ. Ni mo bá fi àtẹ dé ìkòkò, ó di ọjọ́ kẹjọ. Mo tilẹ̀ ti ń ronú orúkọ.

Ọjọ́ kẹjọ pé, mo ṣí i. Àwọn ìyá wà níbẹ̀, wọ́n sanra. Kò sí ọmọ kan ṣoṣo. Láàárọ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi sì sọ pé akọ tó kù fún ẹja ńlá ò ju mẹ́rin lọ mọ́.

Ta ló tún mọ ibẹ̀, bí kò ṣe Sìdí? Wọ́n sì ń yan ẹja nílé wọn. Mo lọ pè é lólè lójú ìyá rẹ̀.

"Ẹja tí kò tó èékánná," ni ìyá rẹ̀ wí. "Igi wo la fẹ́ fi gún un yan, ìwọ ọmọ kúùkù?"

Sìdí ò sunkún. Ó ní, "Ṣé o ti yẹ ikùn ìyá wọn wò?" Mo rò pé èébú ni.

Lọ́jọ́ kẹta sí ìgbà yẹn, mo jókòó ti ìkòkò kí n lè mú olè. Abo kan bẹ̀rẹ̀ sí bímọ. Ọmọ àkọ́kọ́ bọ́ sómi, ìyá rẹ̀ yí padà, ó gbé e mì.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá Sìdí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá wọn ló ń jẹ wọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Sìdí ò rẹ́rìn-ín. Ó fa ojú oró tútù létí omi, ó gbé e lé mi lórí, omi ń ṣàn sí mi lójú. "Inú gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá sí," ló wí. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé lọ́nà ló ń sọ fún pé, "Olè la mú o."

A fi ojú oró bo ojú omi inú ìkòkò. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìyẹn sá sínú gbòǹgbò, wọ́n dàgbà. Akọ tán kí wọ́n tó tóbi tó jíjẹ, ẹja ńlá fi ọjọ́ mélòó kan gbààwẹ̀, kò kú. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá dé, ẹja náà wá sójú dígí, ó yanu sí i. Bàbá mi délé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n jẹun lẹ́ẹ̀mejì.

Igi àgbọn ti tán báyìí, ilé ló kún ibẹ̀. Sìdí wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀tà, a sì máa pè mí lórí fóònù: "Olè, o jí ire bí?" Mo máa ń dáhùn.

Nígbà tí mo bí ọmọ tèmi, tí wọ́n bá sáré wá sọ pé lágbájá ló mú bàtà àwọn, lágbájá ló jẹ ẹran àwọn, ohun kan náà ni mo ń sọ fún wọn: "Ẹ lọ yẹ ikùn ìyá wọn wò ná."